Páànù, Kòkó àti Àdìrẹ

Ní 2001 ni Lewis Pollak fún àṣà kan lórúkọ, dieselpunk. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ a máa múra bí ará àsìkò tó wà láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, wọn a máa gbọ́ jáàsì ìgbà náà, wọn a sì máa fi ẹ̀rọ àtijọ́ ro ọjọ́ ọ̀la kan tí kò dé. Bí wọ́n bá bi wá pé kí la ní tó jọ ọ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni àdìrẹ àti orin jùjú, a ó sì kà wọ́n mọ́ ìṣẹ̀ǹbáyé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú àwọn tó kọ́kọ́ lò wọ́n bí a ṣe mọ̀ wọ́n lónìí, ọ̀làjú ni wọ́n.

Àdìrẹ ló rọrùn jù láti fi ṣe ẹ̀rí. Ilé iṣẹ́ Manchester ni púpọ̀ nínú aṣọ funfun tí àwọn aláró Abẹ́òkúta ń pa láró ti wá. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ dé, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi rán ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró ẹ̀lú. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ nìyẹn. Àwọn obìnrin ló ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ya ọnà ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn gé páànù ní ihò-ihò, wọ́n tẹ́ ẹ sórí aṣọ, wọ́n sì fi ẹ̀kọ pa á lójú, kí ọnà kan náà lè jáde lórí aṣọ púpọ̀ láìyàtọ̀. Kí ló tún kù tí a fi ń pe nǹkan ní iṣẹ́ ẹ̀rọ? Ní 1935, tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, àwọn aláró fi àwòrán òun àti aya rẹ̀ sára aṣọ, wọ́n pè é ní Ọlọ́ba. Ìròyìn ọdún náà gan-an ni wọ́n wọ̀ sọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin jùjú: lọ́dún tó tẹ̀ lé e, olórin jùjú Túndé King fi gìtá báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú rẹ̀ gba orin sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Parlophone l'Ékòó.

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ Èkó àti Abẹ́òkúta ni gbogbo èyí, pé kí ló kan Ìkirè àti Àpòmù nínú igbó kòkó? Owó ló kàn wọ́n. Àpòmù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà nínú ọjà: kí ogun Òwu tó bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, Samuel Johnson sì kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ìjà lórí ataare nínú ọjà náà wà lára ohun tó dá ogun ọ̀hún sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, kòkó ló wá ń gbé owó wọ inú igbó láti Ìbàdàn títí dé Ifẹ̀, Ìkirè àti Àpòmù sì wà lójú ọ̀nà náà. Ẹni tó ta kòkó ló lè ra aṣọ àti àwo orin. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ lẹ́yìn 1929, ọjà àwọn aláró Abẹ́òkúta náà dẹnu kọlẹ̀. Bí àdìrẹ bá jẹ́ aṣọ ìbílẹ̀ lásán tí kò bá ayé rìn, kí ni owó kòkó tí wọ́n ń kéde lókè òkun ì bá fi dà á láàmú?

Àtakò tó le ju èyí lọ ni pé ohun òyìnbó ni páànù, sódà tí wọ́n ń fi ṣe aró àti giramafóònù, pé àfarawé ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé òyìnbó ló ni ilé iṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá olórin, lọ kọ orin sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, orin Yorùbá ló kọ sínú ẹ̀rọ wọn. Nínú iṣẹ́ aró pẹ̀lú, nígbà tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, ọba Abẹ́òkúta, fòfin de sódà àti aró òyìnbó láàárín àwọn ọdún 1930, àwọn aláró kò gbà. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú sí ìjọba. Aláké ní aṣọ tó ń ṣá ń ba orúkọ iṣẹ́ náà jẹ́, ó sì lẹ́rìí. Àmọ́ ẹni tó ń bá ọba jà kí wọ́n má baà gba ohun èlò tuntun lọ́wọ́ òun kì í ṣe aláfarawé. Ó ti yàn.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú àwọn alátakò ni àdìrẹ tí wọ́n ń tẹ̀ jáde ní Ṣáínà, tí wọ́n ń kó wọ ọjà wa lónìí. Ọnà wa ló wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ ló ṣe é, èèyàn á sì bi mí pé báwo ló ṣe yàtọ̀ sí páànù tí mo ń yìn. Ọwọ́ aláró ni páànù wà: òun ló gé e, òun ló pinnu ọnà, òun ló pa owó. Ẹ̀rọ Ṣáínà kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.