Àsíá Pupa Ní Albuquerque: Ìtàn Bàlúùnù Àti Dídúró De Afẹ́fẹ́

  Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ohun tí mo sọ nínú ètò náà rèé.

Ọ̀rọ̀ bàlúùnù la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so mọ́ àga níbi ọjọ́ ìbí o. Èyí tó ń gbé èèyàn fò ni mò ń sọ, tí apẹ̀rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí iná ń jó lókè orí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ní ìlú Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń ṣe ọdún rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ní oṣù kẹwàá. Àwọn ìdílé á kó ọmọ, wọ́n á kó oúnjẹ àti aṣọ òtútù, wọ́n á lọ pàgọ́ síbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Síbẹ̀, àsíá pupa kan lè sọ pé kò sẹ́ni tó máa fò. Ìdí tí gbogbo wọn fi ń gbà fún àsíá yẹn ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1783. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà, Joseph àti Étienne Montgolfier. Ìlú Annonay ni wọ́n ń gbé, bébà ṣíṣe sì ni iṣẹ́ ìdílé wọn. Wọ́n fi aṣọ àti bébà ṣe àpò ràgàjì kan, wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀, àpò náà sì gbéra. Ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ni wọ́n ṣe é lójú gbogbo ará ìlú. Wọ́n rò pé èéfín ló ń gbé e. Kì í ṣe èéfín. Tí afẹ́fẹ́ bá gbóná, ó máa ń fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tútù tó yí i ká lọ, ohun tó bá sì fúyẹ́ á lọ sókè.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, wọ́n ṣe é níwájú Ọba Louis Kẹrìndínlógún ní ààfin Versailles. Èrò mẹ́ta ló wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà: àgùntàn kan, pẹ́pẹ́yẹ kan àti àkùkọ kan. Wọ́n lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ lókè, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Nígbà tó wá kan èèyàn, ọba ní kí wọ́n fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n dán an wò. Ọ̀dọ́kùnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Pilâtre de Rozier, ló kọ̀. Ó ní irú ògo bẹ́ẹ̀ ò tọ́ sí ọ̀daràn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá, òun àti Marquis d'Arlandes gbéra ní Paris. Koríko gbígbẹ ni wọ́n ń kó sínú iná. Tí iná bá ta sí aṣọ bàlúùnù, wọ́n á fi kànìnkànìn tí wọ́n ti rì bọ omi pa á. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n balẹ̀ láìfarapa.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí jù rèé. Ní oṣù kìíní ọdún 1785, Blanchard àti Jeffries fi bàlúùnù sọdá òkun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Faransé. Pilâtre fẹ́ gba òdìkejì, láti Faransé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ti náwó sórí ẹ̀. Ó dé ìlú Boulogne létí òkun, ó ń dúró de afẹ́fẹ́. Oṣù kan lọ, òmíràn tún lọ, afẹ́fẹ́ kọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, òun àti Pierre Romain gbéra. Afẹ́fẹ́ dá wọn padà síhà ilẹ̀, bàlúùnù náà já lulẹ̀, àwọn méjèèjì sì kú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Pilâtre.

Tí owó bá ti wọ ọ̀rọ̀, tí gbogbo èèyàn sì ń wojú ẹni, ó máa ń ṣòro láti sọ pé ó di ọjọ́ mìíràn.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, bàlúùnù onígáàsì hydrogen ló gbayì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ed Yost, ará Amẹ́ríkà, ló jí bàlúùnù afẹ́fẹ́ gbígbóná dìde. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1960, ó fi ọ̀kan tó ń lo iná gáàsì fò ní ìlú Bruning, ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Awakọ̀ lè wá tan iná, kó dín in kù, kó tún tàn án. Ṣùgbọ́n òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló lè yàn. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ń lọ ni bàlúùnù ń lọ.

Ohun tó jẹ́ kí Albuquerque dára fún un nìyí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1972, bàlúùnù 13 gbéra níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà ńlá kan níbẹ̀, nígbà tí iléeṣẹ́ rédíò KOB ń ṣayẹyẹ àádọ́ta ọdún. Sid Cutter ló ṣáájú ètò náà. Ní òde òní, wọ́n máa ń ju 500 lọ. Òótọ́ ni pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ètò ni wọ́n fi ń ṣe é. Láwọn àárọ̀ tó bá dára, afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ máa ń gba àfonífojì odò Rio Grande lọ síhà gúúsù, èyí tó wà lókè rẹ̀ á sì máa lọ síhà àríwá. Awakọ̀ á bá ti ìsàlẹ̀ lọ, á gòkè, á sì bá ti òkè padà. "Àpótí" ni wọ́n ń pe èyí. Bàlúùnù díẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbéra kílẹ̀ tó mọ́, kí àwọn tó kù lè rí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ lókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ta àsíá: àwọ̀ ewé, ẹ máa lọ; àwọ̀ ìyeyè, ẹ dúró ná; pupa, ó di ọjọ́ mìíràn.

Àǹtí mi kan tó ń gbé ní Texas kó ọkọ àtàwọn ọmọ wọn lọ síbẹ̀. Wọ́n háyà ọkọ̀ tí èèyàn lè sùn sínú ẹ̀, wọ́n gba ààyè níbi iṣẹ́. Aago mẹ́rin àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ti jí. Àsíá pupa. Ọjọ́ Sunday, ìyeyè fún wákàtí kan, ló bá tún di pupa. Nínú ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo ń gbọ́ ọmọ wọn tó kéré jù tó ń sunkún pé, "Mọ́mì, ṣé afẹ́fẹ́ ò mọ̀ pé ọ̀nà wa jìn ni?"

Mo bi wọ́n pé, "Àǹtí, ṣé inú ò bí yín?"

Wọ́n ní, "Ó bí mi o. Owó ńlá la ná. Àmọ́ awakọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ti tẹ́ bàlúùnù ẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe rí àsíá pupa, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ká a ni. Àwọn ọmọ bá a ká a. Kò sẹ́ni tó bá a jà."

Kò sẹ́ni tó bá a jà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n lọ wá ìtàn Pilâtre kà. Ọdún yẹn ò wá mọ sórí fífò nìkan. Wọ́n ti sọ ọ́ dàṣà pé ẹni tó bá ní kí wọ́n dúró ò dójú ti ẹnikẹ́ni. Àwa náà nílò ẹ̀ nílé. Ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ gbéra nígbà tí òjò ti ṣú, torí pé èrò ti sanwó. Bọ́ọ̀sì tó fẹ́ rìnrìn òru, torí pé òde àríyá di dandan lọ́la. Tá a bá ti náwó, a máa ń ṣe bíi pé ojú ọjọ́ jẹ wá ní gbèsè.

Nígbà tó bá tún di pé ẹnì kan nínú ọkọ̀ ní "ẹ jẹ́ ká dúró ná," ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ gbè é lẹ́yìn.

Tẹ́ ẹ bá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, a óò gbé e sétígbọ̀ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dìgbà o.