Ìràwọ̀ Barnard: Ìròyìn Tí A Wádìí Fún Ọgọ́ta Ọdún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, kì í ṣe ìtàn òpùrọ́ ni a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ìtàn olóòótọ́ ènìyàn tí ó ṣe àṣìṣe ni, àti ti àwọn tí kò tìtorí pé ẹni ńlá ni kí wọ́n má yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ìràwọ̀ kan tí a kò lè fi ojú lásán rí ni ó so gbogbo wọn pọ̀.

Ní ọdún 1857 ni a bí Edward Emerson Barnard ní ìlú Nashville ní Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ti kú kí a tó bí i, ìṣẹ́ sì bá ìyá rẹ̀ fínra. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi í sí iṣẹ́ ní ilé ayafọ́tò. Ilé-ìwé tí ó lọ ní kékeré kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ náà ni ó ti kọ́ bí a ti ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán. Nígbà tí ó dàgbà, ó tu owó jọ, ó ra awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ó sì ń fi òru wá ìràwọ̀ oníìrù kiri. Ọlọ́rọ̀ kan ń fún ẹni tí ó bá rí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 200 dọ́là nígbà náà. Barnard rí tó bẹ́ẹ̀ tí owó náà fi bá a kọ́ ilé. Ní 1892, ó rí òṣùpá karùn-ún ti pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà. Láti ìgbà tí Galileo ti rí mẹ́rin àkọ́kọ́ ní 1610, kò sí ẹni tí ó rí òmíràn.

Ní 1916, Barnard fi fọ́tò ojú ọ̀run tí a yà ní 1894 wé èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ìràwọ̀ pupa kékeré kan ti ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Kò sí ìràwọ̀ mìíràn tí a mọ̀ tí ń yára ṣí lójú ọ̀run tó o, síbẹ̀ yóò gbà á ní nǹkan bí 175 ọdún kí ó tó rin ìwọ̀n fífẹ̀ òṣùpá. Orúkọ Barnard ni wọ́n fi pè é. Ó wà láàárín àkójọ ìràwọ̀ tí àwọn onímọ̀ Lárúbáwá ìgbàanì ń pè ní al-Hawwa, èyíinì ni ẹni tí ń mú ejò. Títí di òní, ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ jùlọ níbẹ̀ ṣì ń jẹ́ Rasalhague, èyí tí ó ti inú èdè Lárúbáwá wá: orí ẹni tí ń mú ejò.

Irú ìràwọ̀ yìí ni a lè pè ní aràrá pupa. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ti oòrùn wa. Ooru ojú rẹ̀ sún mọ́ 2,900 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, nígbà tí ti oòrùn jẹ́ 5,500. Ìmọ́lẹ̀ tí ń sáré 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ń rin ọdún mẹ́fà kí ó tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Yàtọ̀ sí oòrùn, àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta péré, àwọn ará Alpha Centauri, ni ó sún mọ́ wa jù ú lọ. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń bi ara wọn léèrè pé: ǹjẹ́ ó ní pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí i po?

Peter van de Kamp, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì tí ó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Swarthmore ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò ìràwọ̀ yìí ní 1938. Bí àgbàlagbà bá di ọwọ́ ọmọdé mú tí wọ́n jọ ń yí po, ọmọdé ni yóò sáré jù, ṣùgbọ́n àgbàlagbà náà yóò máa mì díẹ̀. Mímì yẹn ni van de Kamp ń wá. Ní 1963, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó kéde pé òun ti rí i: pílánẹ́ẹ̀tì tí ó wúwo ju Júpítà lọ, tí ń fi ọdún 24 yí ìràwọ̀ náà po. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́, ó sì wọ inú ìwé.

Ṣùgbọ́n ní 1973, George Gatewood àti Heinrich Eichhorn lo fọ́tò tí a fi awò mìíràn yà. Wọn kò rí mímì kankan. Ní ọdún kan náà, John Hershey, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ ní ibi awò van de Kamp, yẹ àwọn ìràwọ̀ mìíràn wò nínú fọ́tò ibẹ̀. Ó rí i pé àwọn náà dà bí ẹni pé wọ́n ṣí ní àkókò kan náà, ìyẹn ìgbà tí wọ́n tún awò náà ṣe. Awò ni ó mì, ìràwọ̀ kò mì. Van de Kamp kò gbà bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú ní 1995.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní 2018, ẹgbẹ́ onímọ̀ tí Ignasi Ribas ṣíwájú tún kéde pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ń fi ọjọ́ 233 yí i po. Nígbà tí ó di 2021, àwọn onímọ̀ mìíràn fi hàn pé àbàwọ́n ojú ìràwọ̀ náà, bí ó ti ń yí lórí ara rẹ̀, ni ó tàn wọ́n jẹ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ojúlówó ìròyìn dé. Jonay González Hernández àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo awò ńlá kan ní ilẹ̀ Ṣílè, wọ́n sì rí i pé ìràwọ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìwọ̀n tí ó lọ́ra ju ìrìn ẹsẹ̀ ènìyàn lọ. Pílánẹ́ẹ̀tì tí ń fà á kò wúwo tó ìdajì ilé ayé wa. Ọjọ́ mẹ́ta àti díẹ̀ ni ọdún kan níbẹ̀. Ó fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́tàdínlógún sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ ju bí Mẹ́kúrì ti sún mọ́ oòrùn lọ, ooru rẹ̀ sì tó 125, ó ju ìwọ̀n tí omi fi ń hó níhìn-ín lọ. Ní 2025, ẹgbẹ́ mìíràn fi awò tí ó wà ní Hawaii wò ó, wọ́n jẹ́rìí sí i, wọ́n sì fi mẹ́ta mìíràn kún un. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó kéré sí ilé ayé, kò sì sí èyí tí ó yẹ fún gbígbé nínú wọn.

Àwọn kan lè sọ pé van de Kamp jàre nígbẹ̀yìn. Rárá o. Ẹni tí ó ní òun rí erin nínú igbó, tí a wá rí èkúté níbẹ̀, kò tíì jàre. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a bú u; ohun tí awò rẹ̀ fi hàn án ni ó sọ. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé, nígbà tí ẹ̀rí mìíràn dé, kò gbà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyè sí Hershey. Kò bú àgbà, kò pariwo. Ó kàn lọ wo àwọn ìràwọ̀ yòókù ni. Bí ìròyìn bá dé etí yín, bó ti wù kí ẹni tí ó mú un wá níyì tó, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ìràwọ̀ ni ó mì, tàbí awò.