Ìtàn Ìdarí Katakata Aláìláwakọ̀ Lórí Ilẹ̀ Tí Ń Yọ̀

Bí àgbà awakọ̀ katakata bá ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí òjò ti rin, kì í jẹ́ kí imú ọkọ̀ náà kọjú sí ọ̀gangan ibi tí ó ń lọ. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ yóò fà á wálẹ̀, nítorí náà ó máa ń yí imú rẹ̀ sí apá òkè díẹ̀ kí poro lè tọ́. Ọgbọ́n yìí ni ẹ̀rọ kò tètè rí kọ́.

Ní ọdún 1996, Michael O'Connor, Thomas Bell, Gabriel Elkaim àti Bradford Parkinson ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n de eriali GPS mẹ́rin mọ́ katakata John Deere kan, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ibi tí ó wà, ibi tí ó kọjú sí àti bí ó ṣe fì sí. Katakata náà tọ ìlà tààrà, ìyapa rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ńtímítà mélòó kan lọ.

Ní ọdún 2002, Benoit Thuilot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Clermont-Ferrand, ní ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé eriali kan ṣoṣo tó. Òfin tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà kà ni pé táyà kì í yọ̀: ibi tí ó bá kọjú sí ni ó ń lọ. Òfin yìí ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí ó sì gbẹ. Lórí koríko tútù ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ọ̀rọ̀ yí padà. Kọ̀ǹpútà rí i pé ọkọ̀ ti yẹ̀, ó sì yí táyà sókè. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń gun òkè ni ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Báyìí ni katakata ṣe ń rìn lọ ní ìsàlẹ̀ ìlà rẹ̀ láìpadà sórí rẹ̀. GPS sọ ibi tí ó wà fún un, kò sọ irú ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀.

Láti ọdún 2003, Roland Lenain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú kan náà wá ojútùú sí i. Wọn kò wá ẹ̀rọ tí yóò wọn yíyọ̀ náà ní tààrà. Wọ́n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi ibi tí ó yẹ kí ọkọ̀ wà wé ibi tí GPS bá a. Láti inú ìyàtọ̀ yẹn ni ó ti ń ṣírò bí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ṣe ń yọ̀ tó, kí ó tó tún ìdarí ṣe. Síbẹ̀, àṣìṣe kù ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin kọ́nà, nítorí pé táyà kì í yí lójú ẹsẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, wọ́n fi ìmọ̀tẹ́lẹ̀ kún un: katakata ń wo ọ̀nà iwájú, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí táyà kí ó tó dé kọ́nà.

Sẹ̀ńtímítà 5 ni ìwọ̀n ìpéye tí iṣẹ́ oko ń béèrè. Bí ọkọ́ ẹ̀rọ bá yẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, irúgbìn ni yóò gé dípò koríko. Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ní ti katakata yìí, ará iwájú àti ará ẹ̀yìn ti di ọ̀kan: ibi tí ó ti yọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá ni ó ti ń kọ́ bí yóò ṣe tọ́ ìyókù.