Òdòdó Inú Ilé: Ta Ló Kọ́kọ́ Rí I?

Òdòdó kan wà tí wọ́n ń pè ní African violet. Orúkọ Áfíríkà wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó ti gbajúmọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe dé ibẹ̀, ká sì wo ohun tó kan ará Ìgbẹsà nínú rẹ̀.

Orí òkè Usambara, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Tanzania lónìí, ni ó ti ń hù, lábẹ́ òjìji igi ńlá, lára àpáta tó tutù. Ìdí nìyí tí inú ilé fi bá a lára mu: ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ oòrùn gangan. Ní nǹkan bí 1892, Walter von Saint Paul-Illaire, aláṣẹ ìjọba Jámánì ní agbègbè náà, fi í ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nílé. Láti ọwọ́ bàbá yìí ló ti dé ọ̀dọ̀ Hermann Wendland, olórí ọgbà ewéko Herrenhausen nílùú Hannover. Ní 1893, Wendland sọ ọ́ ní Saintpaulia ionantha, ó fi orúkọ ìdílé aláṣẹ náà dá ewéko lọ́lá.

Láti ìgbà náà ni ìwé púpọ̀ ti ń sọ pé aláṣẹ yìí ló ṣàwárí rẹ̀. A kò gbà. Àwọn Shambaa ti ń gbé orí òkè yẹn kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀. Ẹni tó kọ orúkọ sínú ìwé kọ́ ni ẹni tó kọ́kọ́ rí nǹkan.

Ohun tó tan òdòdó náà kálẹ̀ ni pé ewé kan ṣoṣo tó. Bí a bá ki igi ewé náà bọ ilẹ̀, yóò ta gbòǹgbò, yóò bí ọmọ. Ẹni tó bá mọ àbámọdá kò ní ṣe háà sí èyí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ṣe ń fún ọ̀rẹ́ ní ewé, títí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1946.

Irú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ sí ewéko tiwa náà. Pèrègún wà nínú ìkòkò ní ọ́fíìsì káàkiri ayé. Ní 1762 ni Carl Linnaeus ti fún un ní orúkọ Látìn. Ojá ìkookò náà, tó ń hù láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò, ti di èrò yàrá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n orúkọ Látìn kò pa pèrègún lẹ́nu wa, nítorí a ń lò ó: a fi ń pààlà ilẹ̀, ó sì wà nínú ẹsẹ Ifá. Orúkọ Látìn gan-an kì í dúró lójú kan. Ní 2015, àwọn onímọ̀ da Saintpaulia pọ̀ mọ́ Streptocarpus. Lílò ló ń gba orúkọ là.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Ìgbẹsà. Ìlú Àwórì ni, ìlú àgbẹ̀. Lónìí, ọgbà ilé-iṣẹ́ Ogun-Guangdong wà níbẹ̀, Yunifásítì Crawford sì ti wà níbẹ̀ láti 2005. A kò kórìíra ilé-iṣẹ́. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ọmọ wa. Ṣùgbọ́n bí kátakàta bá wọ oko, pèrègún ààlà wà lára ohun tó ń kọ́kọ́ wó, òpó kọnkéré àwọn sọ̀fíyọ̀ ló ń rọ́pò rẹ̀. Òpó lè sọ ibi tí ilẹ̀ parí sí. Kò lè sọ ẹni tó gbìn ín.

Bí a kò bá ṣọ́ra, ọmọ Ìgbẹsà yóò ra pèrègún lọ́wọ́ àwọn olódòdó etí títì l'Ékòó, yóò sì fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì pè é. Ohun tí a bá ní ni à ń náání. Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí jù. Ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn àgbà lóko tó kù, ká béèrè orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan àti ìlò rẹ̀, ká kọ ọ́ sílẹ̀ tàmìtàmì kí kátakàta tó dé.