Láti Àgbá Koko dé Omi Bátìrì Ṣàṣà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté-ilé pe ológbò níjà. Ẹni tó bá dúró díẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì mọ́tò ní Ṣàṣà, ní agbègbè Alimọṣọ, lè rí ìtumọ̀ òwe yìí: ọmọṣẹ́ kan ń fi ọwọ́ lásán da ásíìdì láti inú ike kan sí òmíràn. Bí a bá bi í léèrè ohun tó ń dà, “omi bátìrì” ni yóò pè é. Omi! Orúkọ tí a sọ nǹkan náà ti bo ewu rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Irú orúkọ ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ ti ṣe wá rí. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, ọkọ̀ ojú omi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá láti Ítálì wá sí Koko, ìlú èbúté kékeré tó wà ní Ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, tó ti di ara Ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Ìwé ẹrù pè wọ́n ní ohun tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé. Ọkùnrin kan ní ìlú náà fi àgbàlá rẹ̀ háyà fún wọn. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù ni wọ́n ní wọ́n ń san fún un. Pàǹtí olóró ni ó wà nínú àwọn àgbá náà, kẹ́míkà tí à ń pè ní PCB sì wà lára rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló ta àwọn ìwé ìròyìn ilé lólobó, àṣírí sì tú ní oṣù kẹfà ọdún 1988.

Ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fárígá, wọ́n sì ní kí ẹrù náà padà sí ibi tó ti wá. Ọkọ̀ Karin B wà lára àwọn tó kó o lọ. Ṣùgbọ́n ta ló gbé àgbá wọ inú ọkọ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ni. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé púpọ̀ nínú wọn dèrò ilé ìwòsàn: kẹ́míkà jó wọn lára, wọ́n sì ń bì.

Kí ọdún 1988 tó parí, ìjọba ti ṣe òfin tó sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni ti ẹni tó bá kó pàǹtí olóró wọ̀lú, wọ́n sì dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti mójú tó àyíká. Òfin wọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n òfin kan ti wà nílẹ̀ ṣáájú wọn: Òfin Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti ọdún 1987, ọdún kan náà tí àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Koko. Ó ní a kò gbọdọ̀ fi ènìyàn sí iṣẹ́ tó lè ṣe é léṣe láìjẹ́ pé a ti là á lóye ewu tó wà níbẹ̀ àti bí yóò ṣe dáàbò bo ara rẹ̀, kí a sì ti kọ́ ọ dáadáa tàbí kí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa mójú tó o. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọdún 1983 ni ìjọba tó gbé ìlànà jáde pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ kẹ́míkà tó ń fọwọ́ kàn. Nítorí náà, kì í ṣe òfin ló wọ́n wa. Ìmọ̀ tó yẹ kí òfin gbé dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò dé ibẹ̀.

Ìbẹ̀rù mi ni pé ẹ̀kọ́ Koko tí a gbà kò ju ìdajì lọ. A kọ́ láti máa ṣọ́ èbúté kí àjèjì má baà kó májèlé wọlé. A kò kọ́ láti ṣàlàyé májèlé tí àwa fúnra wa ń fi lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ náà kò sì ju agbára ọ̀gá kankan lọ. Kí ó sọ fún ọmọṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ásíìdì ni, kì í ṣe omi. Pé inú omi ni à ń da ásíìdì sí, a kì í da omi sínú ásíìdì, kí ó má baà ta sí ni lójú. Pé bí ó bá kan ara, omi púpọ̀ tó ń ṣàn ni kí a fi ṣàn án kíákíá. Pé òjé inú bátìrì ń bá ọwọ́ wọnú oúnjẹ, ó sì ń bá aṣọ délé bá àwọn ọmọdé. Kí ó wá ra ìbọ̀wọ́ fún un.

Ọ̀gá tó ń gba owó ìkọ́ṣẹ́ tí kò kọ́ ọmọ ní ewu iṣẹ́, ààbọ̀ iṣẹ́ ló kọ́ ọ.