Ẹrú Ló Wà Nínú "Ciao"

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo gbé wá lónìí.

Mo ń kọ́ èdè Ítálì lórí fóònù mi. "Ciao" wà lára ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀, ni mo bá ń fi kí gbogbo èèyàn. Nígbà tí mo fi kí ìyá àgbàlagbà kan tó ń kọ́ wa lórí fídíò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní "buongiorno" ni wọ́n fi ń kí ẹni tó bá juni lọ. Ojú tì mí. Èmi ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ti fi "ẹ" àti "o" nà létí láti kékeré! Àwọn náà ní tiwọn: "tu" fún ẹgbẹ́ ẹni, "Lei" fún àgbà àti àlejò.

Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí n wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìlú Venice ló ti wá. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ẹlòmíràn níbẹ̀ á ní, "Ẹrú yín ni mí." "Schiavo" ni Ítálì ń pe ẹrú, ará Venice ń pè é ní "s-ciavo". Ẹnu gé e kúrú títí tó fi di "ciao". Nínú eré orí ìtàgé Carlo Goldoni, ọmọ Venice tó gbáyé ní ọ̀rúndún 18, àwọn ọlọ́lá ṣì ń pe ara wọn ní ẹrú bí wọ́n bá ń kíra. Ẹnu lásán ni o, kò sí èyí tó máa bá ẹ fọ abọ́ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹrú gidi wà nídìí rẹ̀. Orúkọ àwọn ẹ̀yà Slav, tí wọ́n ń kó lẹ́rú tí wọ́n sì ń tà ní Yúróòpù, ni Látìn sọ di "sclavus", ìyẹn ẹrú. Ibẹ̀ náà ni "slave" tí Òyìnbó ń pè ti wá. Venice sì jẹ nínú òwò yẹn.

Ibi tó mú mi dákẹ́ ni Bràsíl. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1888 ni òfin dá ẹrú sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn olóko kọfí ní São Paulo nílò ọwọ́ mìíràn, wọ́n sì ti ń kó àwọn ará Ítálì wọlé. Ìjọba a máa san owó ọkọ̀ òkun wọn. Láàárín bí àádọ́ta ọdún, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan, púpọ̀ wọn láti agbègbè Venice. Àwọn ni wọ́n mú ìkíni yìí dé ibẹ̀, òun ló di "tchau", tó jẹ́ ó dàbọ̀ nìkan.

Ẹ rò ó wò. Àwọn tó wá gba iṣẹ́ ẹrú ṣe ló gbé "ẹrú yín ni mí" wọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ta àwọn èèyàn wa sí. Lónìí, ní Salvador ti Bahia, ọmọ ọmọ wọn ń sọ "tchau" fún ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ní ilé Candomblé, èdè Yorùbá ni wọ́n ṣì fi ń kí òrìṣà.

Ó dé Ajẹntínà, ó di "chau". Ó dé Ethiopia pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Ítálì. "Chào" ti Vietnam ní tiẹ̀ kò bá a tan rárá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kí ìyá yẹn dáadáa: "Buongiorno, signora." Ó wò mí, ó ní, "Ciao!"