Jackie Robinson Kọ́ Ló Kọ́kọ́ Wọlé

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdọọdún, gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú líìgì béésìbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà máa ń wọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sẹ́yìn: 42. Nọ́ńbà Jackie Robinson ni. Wọ́n fi ń rántí ọjọ́ tó jáde fún ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers lọ́dún 1947. Ìrántí náà tọ́, ó sì yẹ ẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fi kún un, tí ìwé ọmọ ilé-ìwé àti àwọn asọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ti sọ di òótọ́: pé Robinson ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá béésìbọ́ọ̀lù ní ipò tó ga jù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 63 ṣáájú rẹ̀ ni Moses Fleetwood Walker ti gbá a, ní gbangba, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú àkọsílẹ̀ líìgì títí dòní. Ẹni tó bá rò pé àríyànjiyàn ta ló ṣíwájú, ta ló kẹ́yìn lásán ni mo fẹ́ ṣe, kó fara balẹ̀. Ohun tí àṣìṣe kékeré yìí ń bò mọ́lẹ̀ tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Walker kì í ṣe ẹni tó ṣèèṣì yọjú. Ìlú Mount Pleasant, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1856, nígbà tí wọ́n ṣì ń ta ẹrú ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà. Bàbá rẹ̀ di dókítà ní Steubenville. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí Oberlin College, ọ̀kan lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó kọ́kọ́ gba aláwọ̀ dúdú wọlé, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ lọ́dún 1881. Láti ibẹ̀ ló ti kọjá sí Yunifásítì Michigan, níbi tó ti ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Lọ́dún 1883 ni ẹgbẹ́ Toledo Blue Stockings fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́, ó sì fi ìwé sílẹ̀, ó lọ fi bọ́ọ̀lù jẹun.

Iṣẹ́ tó gbà níbẹ̀ ló nira jù nínú eré náà. Ahánbọ́ọ̀lù ni. Ẹ̀yìn ẹni tó mú igi dání ló ń dúró sí, tí yóò máa hán bọ́ọ̀lù líle tí ajubọ́ọ̀lù ń sọ wá láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50. Lónìí, ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn ni wọ́n fi ń gbà á. Nígbà ayé Walker, ọwọ́ lásán ni, tàbí ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ tí kò yàtọ̀ sí ti otútù. Ìka á wú, èékánná á ya, egungun á yẹ̀. Tony Mullane, ajubọ́ọ̀lù tó lókìkí jù ní Toledo, tún wá dá kún ìyà náà. Àṣà wọn ni pé kí ahánbọ́ọ̀lù fi ọwọ́ ṣàmì irú bọ́ọ̀lù tó fẹ́ kí wọ́n jù, kó lè mọ ibi tí yóò gbà wá. Mullane jẹ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé nínú gbogbo ahánbọ́ọ̀lù tí òun bá ṣiṣẹ́, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Walker. Ṣùgbọ́n nítorí òun kórìíra aláwọ̀ dúdú, òun kì í wo àmì ọwọ́ rẹ̀, èyí tó bá ti wu òun lòun ń jù. Ká rò ó wò: bọ́ọ̀lù ń bọ̀, Walker kò mọ̀ bóyá òkè ni yóò gbà ni tàbí ilẹ̀, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń hán an.

Lọ́dún 1884 ni Toledo wọ American Association, líìgì tó ń bá National League figagbága nígbà náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, ní ìlú Louisville, Walker bọ́ sí pápá. Ìdíje 42 ló gbá lọ́dún náà. Nínú ìgbà 152 tí wọ́n kà sí i lọ́rùn pé ó kojú ajubọ́ọ̀lù, 40 ló fi gbá bọ́ọ̀lù tó mérè wá, èyí sì ju ìwọ̀n gbogbo líìgì náà lọ. Àbúrò rẹ̀, Weldy, náà bá ẹgbẹ́ ọ̀hún gbá ìdíje díẹ̀ lọ́dún kan náà. Àwọn kan máa ń sọ pé líìgì yẹn kò tó ohun tí à ń pè ní líìgì ńlá. Ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ìgbìmọ̀ tí àwọn aláṣẹ béésìbọ́ọ̀lù gbé kalẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ wọn ti ka American Association mọ́ àwọn líìgì ńlá. Gbogbo ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe níbẹ̀ wà nínú ìwé, kò sẹ́ni tó ń yọ ọ́. Bí tiwọn bá kà, kí ló dé tí ti Walker kò ní kà?

Àwọn tó jinlẹ̀ nínú ìtàn yóò bi mí pé William Edward White ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1879, akẹ́kọ̀ọ́ Brown University yìí bá Providence Grays gbá ìdíje kan ṣoṣo nínú National League. Ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n bí i sí. Òyìnbó tó ní ẹrú ni bàbá rẹ̀, ẹrú sì ni ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun ló pe ara rẹ̀, ohun tí àwọn tó rí i sì kà á sí náà nìyẹn. Àwọn olùwádìí ọ̀rúndún yìí ló hú ìtàn rẹ̀ jáde. Bí a bá ń fi ẹ̀jẹ̀ ka ènìyàn, òun ló ṣáájú. Bí a bá ń wá ẹni tó wọ pápá tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí aláwọ̀ dúdú, tí àwọn kan tiẹ̀ kọ lẹ́tà ránṣẹ́ láti Richmond pé àwọn yóò dìde sí i bó bá fi dé ibẹ̀, Walker ni. Èyí ó wù ká mú, kò sí ọ̀nà tí Robinson fi lè jẹ́ àkọ́kọ́.

Wàyí o, kí ni àṣìṣe yìí ń ṣe fún wa? Bí Robinson bá jẹ́ àkọ́kọ́, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn náà ti wà ní títì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, àkókò ni kò tíì tó. Kò ní sí ẹni tó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí Walker bá ti wọlé lọ́dún 1884, tí ẹnikẹ́ni tí wọ́n mọ̀ sí aláwọ̀ dúdú kò sì tún wọlé títí di 1947, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn tó ṣí ni àwọn kan lọ tì. Ta ni wọ́n?

Ẹni tí wọ́n sábà máa ń nàka sí ni Cap Anson, olórí ẹgbẹ́ Chicago White Stockings, ọ̀kan lára àwọn gbajúmọ̀ jù nínú eré náà láyé ìgbà yẹn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1883, ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá Toledo gbá ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́. Anson ní àwọn kò ní gbá bí aláwọ̀ dúdú bá wà lórí pápá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni pé ọwọ́ ń dun Walker lọ́jọ́ náà, wọn ò tiẹ̀ fẹ́ lò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Charlie Morton, akọ́nimọ̀ọ́gbá Toledo, gbọ́ ohun tí Anson sọ, inú bí i. Ó ní kí Walker lọ wọṣọ eré, ó fi í sí apá ọ̀tún pápá, ó sì sọ fún Anson pé bí wọn ò bá gbá, wọn ò ní fojú kan kọ́bọ̀ nínú owó ìwọlé. Anson kùn, Anson halẹ̀, Anson gbá bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ yẹn nìkan ti tó láti fi hàn pé ìtàn tó ní Anson ló dá ilẹ̀kùn náà tì kò péye. Ẹnu Anson le, ṣùgbọ́n ọ̀gá kan ṣoṣo tó kọ̀ fún un ló bì í ṣubú. Ìgbà tí àwọn ọ̀gá kò kọ̀ mọ́ ni nǹkan bàjẹ́.

Ọdún 1887 ni. Walker ti wà ní Newark, nínú International League, tí ipò rẹ̀ tẹ̀lé ti àwọn líìgì ńlá. Òun ló ń hán bọ́ọ̀lù tí George Stovey ń jù. Aláwọ̀ dúdú ni àwọn méjèèjì. Frank Grant àti Bud Fowler náà wà nínú líìgì yẹn, wọ́n sì ń fakọ yọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, Chicago ti Anson tún wá bá Newark gbá. Lọ́tẹ̀ yìí, Stovey àti Walker kò sí lórí pápá. Wọ́n ní ara Stovey kò yá. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn aláṣẹ líìgì náà jókòó ní Buffalo, wọ́n dìbò 6 sí 4 pé kí akọ̀wé má fọwọ́ sí àdéhùn tuntun kankan pẹ̀lú aláwọ̀ dúdú mọ́. Anson kọ́ ló di ìbò mẹ́fà yẹn. Àwọn àgbà sì ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ: yàtọ̀ sí ìbò náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù funfun wà tó kọ̀ láti bá ẹlẹgbẹ́ wọn tó jẹ́ dúdú ya fọ́tò, àwọn òǹwòran tó ń bú wọn wà, àwọn olówó ẹgbẹ́ tó ń fẹ́ àlàáfíà ju òdodo lọ náà wà.

Àwọn líìgì ńlá kò tiẹ̀ dìbò. Lóòótọ́, lọ́dún 1867, ẹgbẹ́ àpapọ̀ kan ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kò ní gba ẹgbẹ́ tó bá ní aláwọ̀ dúdú nínú, àmọ́ ẹgbẹ́ náà tú ká, òfin rẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn gbọ́n jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ láàárín ara wọn, wọn ò kọ ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná lọ́dún 1942, Kenesaw Mountain Landis, aláṣẹ àgbà béésìbọ́ọ̀lù, jáde sọ pé kò sí òfin, kò sí àdéhùn kankan, ìbáà jẹ́ ti inú ìwé tàbí ti ẹnu, tó ní kí ẹgbẹ́ má gba aláwọ̀ dúdú. Ní ti inú ìwé, òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, láti 1920 tí wọ́n ti yàn án títí tó fi kú lọ́dún 1944, wọn ò rí ọ̀kan gbà. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ kò ní ṣeé fọ̀ níwájú àwọn tó bá rántí pé àwọn kan ti wọlé rí.

Walker gbá bọ́ọ̀lù ní Syracuse títí di 1889. Lẹ́yìn tó lọ, aláwọ̀ dúdú kò wọ International League mọ́ fún ọdún 57, àfi ìgbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbá fún ẹgbẹ́ Montreal lọ́dún 1946, ọdún kan kó tó kọjá sí Brooklyn. Jackie Robinson ni. Líìgì tí wọ́n ti kọ́kọ́ fìbò tilẹ̀kùn ló ti ní láti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn Walker kò rọrùn. Lọ́dún 1891, àwọn òyìnbó kan kò ó lójú ní Syracuse, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gún ọ̀kan, ẹni náà sì kú. Aláwọ̀ funfun pátá ni àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Kì í ṣe ẹni mímọ́: wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún kan lọ́dún 1898 lórí ẹ̀sùn pé ó jí nínú lẹ́tà tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ó hùmọ̀ àwọn nǹkan, ìjọba sì fún un níwèé ẹ̀rí lórí wọn. Ó ní gbọ̀ngàn eré ní ìlú Cadiz. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká gbé yẹ̀ wò jù ni ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1908, Our Home Colony, níbi tó ti sọ pé aláwọ̀ dúdú kò ní ọjọ́ ọ̀la ní Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n kó lọ sí Áfíríkà. Ọmọ dókítà, akẹ́kọ̀ọ́ Oberlin, ẹni tó ti bá òyìnbó wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà, ló kọ ọ́. Ẹni tí kò wọlé rí lè máa retí pé ọjọ́ kan ń bọ̀. Walker ti wọlé, ó sì fojú ara rẹ̀ rí àwọn tó lé e jáde. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1924 ló kú ní Cleveland, ó sì lé ní ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó gbé òkúta sórí sàréè rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí bu iyì Robinson kù. Ṣe ló ń gbé e ga. Walker wọlé nígbà tí àwọn aláṣẹ kò tíì fẹnu kò. Robinson wọlé nígbà tí wọ́n ti fẹnu kò fún ọgọ́ta ọdún. Ti ìkejì yìí le jù. Ẹni tó bá ń pe Robinson ní àkọ́kọ́ ti sọ ìjàkadì tó bá àwọn ènìyàn jà di ìrìn-àjò lásán.

Bó ṣe yẹ ká sọ ọ́ ni pé Walker gbá a lọ́dún 1884, wọ́n fi ìbò àti àjọsọ lé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, Robinson sì já ohun tí wọ́n dì. Ó gùn ju "aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́" lọ, àmọ́ òun ló sọ ẹni tó ṣe é. Láti 1939 ni Anson ti wà nínú Gbọ̀ngàn Òkìkí béésìbọ́ọ̀lù ní Cooperstown. Grant ti débẹ̀, Fowler náà ti débẹ̀. Wọn ò tíì fi Walker síbẹ̀. Bí àwọn aláṣẹ eré náà bá fẹ́ tún ìtàn ṣe lóòótọ́, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn tó ń kọ ìwé fún ọmọdé sì tẹ̀lé wọn.